RX 580 kejì ni kí n rà ni, àbí kí n ta èyí tí mo ní kí n gba káàdì kan tó lágbára?

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó náwó.

Kọ̀ǹpútà mi nìyí: Ryzen 5 3600, mọ́dábọ́ọ̀dù B450 tó ní ihò gígùn méjì fún káàdì, RAM 16GB, PSU (àpótí tó ń fún kọ̀ǹpútà níná) 600W, káàdì àwòrán (GPU) RX 580 8GB ti AMD. Móníítọ̀ mi jẹ́ 1080p, 144Hz. GTA V àti Witcher 3 ń lọ geere, ṣùgbọ́n Cyberpunk 2077 ń wọ́ nílẹ̀ tí mo bá ti gbé ìmọ́lẹ̀ àti òjìji rẹ̀ sókè. Géèmù bọ́ọ̀lù FC ni èmi àti àwọn àbúrò mi máa ń gbá lópin ọ̀sẹ̀.

Ẹnìkan ládùúgbò wa fẹ́ ta RX 580 tirẹ̀, 8GB bíi tèmi, ilé iṣẹ́ tó ṣe é nìkan ló yàtọ̀. Owó tó pè é ò wọ́n. Mo ti rí fídíò tí wọ́n ti so méjì pọ̀ tí FPS (iye férémù, ìyẹn àwòrán, tó ń jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má dán an wò, kí n ta tèmi, kí n fowó kún un, kí n ra RX 6600. Owó tí màá fi kún un yẹn ju owó 580 kejì lọ, ohun tó ń dà mí láàmú nìyẹn. Àdúgbò wa ò sí ní Band A, orí ínfátà ni mo ti ń gbá géèmù lálẹ́. Kí lẹ rí sí i?

Ìjímèrè

Má rà á. CrossFire, ọ̀nà tí AMD fi ń so káàdì méjì pọ̀, ti kú, wọ́n ti sin ín. 6600 ni kó o rà.

Kékeré Òṣogbo

Ẹ̀gbọ́n Ìjímèrè, ẹ ò ṣàlàyé kankan. Èmi ní kó rà á o. 8GB pẹ̀lú 8GB, 16GB nìyẹn, Cyberpunk á ráyè jókòó. Owó rẹ̀ ò sì wọ́n. Kí lèèyàn tún ń wá?

Tọ́lá Leeds

Àbúrò mi ti Òṣogbo, mẹ́mórì káàdì méjì kì í ròpọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn. Ní CrossFire tàbí SLI (irú rẹ̀ ti Nvidia), gbogbo ohun tí géèmù bá kó sínú káàdì kìíní, ògiri, igi, aṣọ, ojú èèyàn, ó gbọ́dọ̀ kó ẹ̀dà rẹ̀ sínú ìkejì náà, torí kálukú ló ń ya férémù tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. 8GB lo ní kó o tó so wọ́n, 8GB náà lo máa ní lẹ́yìn tó o bá so wọ́n tán.

Ṣùgbọ́n Ìjímèrè, ẹ̀yin náà ẹ ti ń yára sìnkú jù. Mo lo GTX 970 méjì ní SLI láyé ìgbà kan, mo sì gbádùn rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé káàdì kìíní á ya férémù kìíní, ìkejì á ya èyí tó tẹ̀lé e, ìkíní á tún gba ẹ̀kẹta. AFR ni wọ́n ń pe ọ̀nà yẹn. Ó dà bí ìgbà tí ẹni méjì bá ń gúnyán nínú odó kan: tí ọwọ́ wọn bá bára mu, iyán á tètè kúná; tí kò bá bára mu, ọmọrí odó á máa kọlu ara wọn.

Kíkọlura yẹn ni wọ́n ń pè ní micro-stutter. Férémù kan á dé lẹ́yìn mílísẹ́kọ́ǹdù 8, èyí tó tẹ̀lé e á gba 25, òmíràn 8, òmíràn 25. Nọ́ńbà tó wà ní igun ojú móníítọ̀ á ní 60 FPS lò ń gbá, ojú ẹ á ní irọ́ ni, torí bí 40 ló rí lójú. Káàdì AMD ló kọ́kọ́ burú jù níbẹ̀. Lọ́dún 2013 ni wọ́n gbé dráífà (ètò tó ń darí káàdì) jáde tó ń fi àyè tó dọ́gba sáàárín férémù, láti ìgbà náà ló ti sàn, kò kàn tán.

Nínú géèmù tó o kà sílẹ̀, GTA V máa lo káàdì méjèèjì. Witcher 3 náà máa lò ó, bó bá jẹ́ ti DX11 (ọ̀kan lára ètò tí géèmù fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀) lo ṣí. Kó o sì fi fullscreen gidi gbá a o. Tó o bá fi borderless (fèrèsé tó kàn kún ojú móníítọ̀) gbá a, káàdì kejì á kàn jókòó lásán ni. Nítorí náà, ẹni tó bá jẹ́ géèmù ọdún 2012 sí 2016 ló ń gbá, tó sì rí káàdì kejì ní owó pọ́ọ́kú, mi ò ní bú u.

Olóòlù

Tọ́lá sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ibi tó parí ọ̀rọ̀ sí lè tan ọmọ yìí jẹ. Ẹni tó ní Cyberpunk ló ń yọ òun lẹ́nu, GTA V ti ń lọ geere fún un. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó pa CrossFire.

Síso káàdì méjì pọ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun rárá. Lọ́dún 1998, èèyàn lè so Voodoo2 méjì ti 3dfx pọ̀, káàdì kan á ya ìlà kìíní, ẹ̀kẹta, ẹ̀karùn-ún lójú móníítọ̀, ìkejì á ya àwọn tó wà láàárín. 3dfx wó, Nvidia ra ohun ìní rẹ̀, wọ́n sì gbé SLI padà wá lọ́dún 2004 pẹ̀lú GeForce 6800. ATI, tó wá di ti AMD, fi CrossFire dá wọn lóhùn lọ́dún 2005. CrossFire àkọ́kọ́ yẹn, wáyà ni wọ́n fi so káàdì méjèèjì pọ̀ láti ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà! Nígbà tó fi máa di R9 290 lọ́dún 2013, kò sí wáyà, kò sí afárá mọ́, inú ihò mọ́dábọ́ọ̀dù gan-an ni wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀. Bí RX 580 náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹ rántí èyí, màá padà sórí rẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ dá ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró ni TAA, ọ̀nà tí géèmù fi ń dán etí nǹkan. Àwọn géèmù òde òní kì í ya férémù kan ní òun nìkan mọ́, wọ́n ń mú nǹkan nínú férémù tó ṣáájú láti fi dán etí igi àti irun. Férémù tó ṣáájú sì wà lọ́wọ́ káàdì kejì. Ó di dandan kí káàdì kan dúró de èkejì, kó sì gba ẹ̀dà kọjá kó tó lè ṣe tirẹ̀. Kí ni èrè níbẹ̀ mọ́?

Lẹ́yìn náà ni DX12 àti Vulkan, irú ètò bíi DX11 tó tún jẹ́ tuntun, dé. Láyé DX11, àwọn ẹnjiníà AMD àti Nvidia ló ń jókòó ti dráífà, wọ́n á kọ ètò fún géèmù kọ̀ọ̀kan kó lè gba káàdì méjì, ẹni tó ṣe géèmù lè má tiẹ̀ mọ̀ sí i. DX12 gbé iṣẹ́ yẹn lé ẹni tó ń ṣe géèmù lórí. Ta ló fẹ́ náwó sórí ìwọ̀nba èèyàn tó ní káàdì méjì? Àwọn díẹ̀ gbìyànjú: Ashes of the Singularity, Rise of the Tomb Raider àti Shadow of the Tomb Raider, Deus Ex: Mankind Divided, Strange Brigade. Ashes tiẹ̀ lè lo AMD àti Nvidia pa pọ̀. Cyberpunk ò sí nínú wọn. Tó o bá so 580 mẹ́rin pọ̀ pàápàá, ọ̀kan ṣoṣo ni Cyberpunk máa rí.

Àwọn tó ń ṣe káàdì ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. GTX 1060 dé lọ́dún 2016 láìní SLI. Nígbà tí RTX 30 fi máa dé, 3090 nìkan ló kù tó ní in. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2021, Nvidia ò kọ ètò SLI tuntun fún géèmù kankan mọ́. 4090 ò ní ibi tí wọ́n á so ó mọ́ rárá. AMD náà ò fi CrossFire sínú RX 5700 tó jáde lọ́dún 2019.

Ọ̀rọ̀ ihò tí mo ní kẹ́ ẹ rántí nìyí. Ihò kejì lórí ọ̀pọ̀ B450, kì í ṣe ọ̀dọ̀ Ryzen ló ti ń gba ọ̀nà, ọ̀dọ̀ chipset (ṣíìpù orí mọ́dábọ́ọ̀dù) ni, PCIe (ọ̀nà tí káàdì ń gbà sọ̀rọ̀) 2.0 x4 sì ni. Gígùn rẹ̀ lójú lásán ni. Bíi 2GB ló ń gba ibẹ̀ kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí ihò kìíní ń gba bíi 16GB. Ibẹ̀ lo fẹ́ kí káàdì méjì máa gbà pààrọ̀ férémù?

Ìjímèrè

Ohun tí mo sọ ní gbólóhùn kan nìyẹn.

Àgbà Òtìgbà

Mo ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Computer Village, káàdì tókunbọ̀ ni mò ń jẹ, ni mò ń mu. Àlàyé Olóòlù dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo káàdì tí wọ́n fẹ́ tà fún ọmọ yìí fúnra rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó tíì bi í léèrè pé irú 580 wo ni.

Ọ̀pọ̀ nínú RX 580 tó wà lọ́jà ló ti fi ara ṣiṣẹ́ nídìí mining, ìyẹn fífi káàdì wá owó orí ẹ̀rọ Ethereum. Nígbà tí Ethereum jáwọ́ nínú mining ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, àwọn tó ní wọn kó wọn dà sọ́jà lọ́pọ̀ yanturu. Mi ò sọ pé káàdì mining ò dáa o. GPU rẹ̀ gan-an sábà máa ń wà pa, torí wọ́n máa ń dín iná rẹ̀ kù. Fáànù àti mẹ́mórì ló máa ń jìyà. Fi ìka yí fáànù nígbà tí wọn ò tíì tan kọ̀ǹpútà: tó bá ń lọ gbọ̀ọ̀rọ̀, tí kò pariwo, tí kò mì lọ́tùn-ún lósì, ó ṣì dáa. Tó bá dúró lójijì, bùṣín ẹ̀ ti ń lọ nìyẹn. Wo ẹ̀yìn páálí rẹ̀ lápá ibi tí mẹ́mórì wà: tí òróró bá ti ṣàn síta láti abẹ́ thermal pad (ohun rírọ̀ tó ń gba ooru kúrò), tí eruku sì lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹrẹ̀, ọjọ́ pípẹ́ ló ti fi ń gbóná.

Èyí tó tún wá ṣe pàtàkì: 580 méjì ló wà. Èyí tó pé ní shader (àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó ń ya àwòrán) 2304. Òmíràn ní 2048, RX 580 2048SP ni wọ́n ń pè é, agbára rẹ̀ ò ju ti RX 570 lọ, bó ti wù kí wọ́n kọ 580 gàdàgbà sára páálí. Ṣí ètò GPU-Z, wo ibi tí wọ́n kọ Shaders sí. Bí olówó rẹ̀ bá ní kò sí àyè láti tan án, sọ fún un pé owó náà ò tíì sí lọ́wọ́ ẹ.

PSU 600W ńkọ́? Ti ilé iṣẹ́ wo? Yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó o ka ìlà 12V. 580 méjì àti Ryzen ẹ á fa nǹkan bíi 38A lórí 12V nìkan tí géèmù bá le. Mo ti rí PSU tí wọ́n kọ 600W sí lára tí 12V rẹ̀ ò ju 30A lọ. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà Molex (irú wáyà iná àtijọ́ inú kọ̀ǹpútà) bọ́ ihò iná 8-pin káàdì kejì fún ẹ. Mo ti gba irú rẹ̀ lórí tábìlì mi, pílásítíìkì funfun ẹ̀ ti di búráùn, ó ń rùn.

Ooru náà tún wà ńbẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù ATX, tó o bá ki 580 méjì bọ̀ ọ́, fáànù tòkè á máa fa afẹ́fẹ́ lára ẹ̀yìn tìsàlẹ̀, àyè tó wà láàárín wọn lè má ju ìka kan lọ. Tòkè á gbóná, á dín agbára rẹ̀ kù, tìsàlẹ̀ á máa dúró dè é. Tó bá tún wá dìgbà ọyẹ́ tí eruku dí gbogbo ẹ̀, tìẹ tán.

Ṣẹ́gilọlá

Ẹ kú àlàyé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ sólà ni mò ń ṣe, ínfátà tó mẹ́nu bà ló gba ojú mi.

AMD kọ 185W sí RX 580, àwọn tí ilé iṣẹ́ míì gbé iyára wọn sókè sì ń kọjá 200W. RX 6600 jẹ́ 132W. Ká fi 70W fún Ryzen, 50W fún mọ́dábọ́ọ̀dù, RAM, fáànù àtàwọn yòókù. 580 méjì gbé gbogbo ẹ̀ lọ sí 490W, 6600 kan gbé e lọ sí bíi 250W. PSU náà ń jẹ tirẹ̀ kó tó fúnni, ínfátà náà ń jẹ tirẹ̀. Tí gbogbo ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ bátìrì, ti 580 méjì á ti tó 660W, ti 6600 á wà ní bíi 340W. Mi ò tíì ka móníítọ̀.

Ká ní bátìrì 200Ah méjì lo ní, èyí tó ń lo omi tàbí gel, 4.8kWh ni lórí ìwé, ìdajì rẹ̀ sì ni mo máa ń gba àwọn oníbàárà mi nímọ̀ràn láti lò kí bátìrì lè pẹ́. 580 méjì á gbé e dé wákàtí mẹ́ta àbọ̀. 6600 á gbé e dé bíi wákàtí méje. Ẹ̀rọ amúlétutù ò sí níbẹ̀ o, fìríìjì màmá ò sí níbẹ̀. Èló ni bátìrì ìnfátà ẹ?

Ẹni tó ní 580 kejì ò wọ́n, ó yẹ kó ka owó bátìrì mọ́ ọn.

Tọ́lá Leeds

@Ṣẹ́gilọlá, ìṣirò ẹ pé, àmọ́ géèmù tí kò bá lo CrossFire, káàdì kejì á sùn, kò ní jẹ 185W. AMD ní ètò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á pátápátá tí kò bá sí iṣẹ́ fún un. Nítorí náà nínú Cyberpunk, kò ní yàtọ̀ púpọ̀ sí 580 kan.

Ṣẹ́gilọlá

Ìyẹn ni pé tó bá ń jẹ iná, ó ń jẹ ẹ́ fún géèmù tó ti ń lọ geere tẹ́lẹ̀, tó bá dé orí èyí tó ń wọ́, ó lọ sùn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti bá mi parí ẹjọ́.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Mo ti wo PSU mi, 12V rẹ̀ jẹ́ 46A, ilé iṣẹ́ tó ní láárí ló ṣe é. Bátìrì wa jẹ́ 200Ah méjì lóòótọ́, bí Ṣẹ́gilọlá ṣe mọ̀ ọ́n ò yé mi.

Mo ti jáwọ́ nínú 580 kejì. Ìbéèrè tó kù: tí mo bá ra 6600, ṣé kí n ta 580 mi ni, àbí ó ṣì lè wúlò nínú ihò kejì? Mo gbọ́ pé àwọn kan ń fi káàdì tí kò jọra pọ̀ báyìí, pé ọ̀kan ń ya géèmù, èkejì ń fi férémù kún un. Ọmọ ìyá mi tún ní GTX 1050 Ti kan tó ń jókòó lásán nílé.

Bàbá Fáànù

Ètò Lossless Scaling lò ń sọ. Orí Steam ló wà, owó rẹ̀ ò pọ̀, èmi ń lò ó lójoojúmọ́. Ibẹ̀ gan-an ni káàdì méjì ti jíǹde, èyí tí gbogbo yín ń bá jà ní CrossFire ò kan tibẹ̀ rárá.

Káàdì ńlá á ya géèmù bó ṣe máa ń yà á. Férémù tó bá parí á gba PCIe kọjá sí káàdì kejì, ìyẹn á wo méjì tó tẹ̀lé ara wọn, á ya èyí tó yẹ kó wà láàárín wọn, á sì gbé gbogbo ẹ̀ lọ sójú móníítọ̀. Géèmù ò mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣẹlẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń bá géèmù tó pọ̀ jù lọ ṣiṣẹ́. Kò bìkítà bóyá AMD ni tàbí Nvidia.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé: ara káàdì KEJÌ ni kó o ki wáyà móníítọ̀ sí. Tó o bá fi sára ti àkọ́kọ́, férémù á lọ, á tún padà bọ̀, wàá sì máa bú ohun tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Nínú Windows 11, lọ sí Display, Graphics, kó o yan 6600 gẹ́gẹ́ bíi káàdì tó ń ṣe iṣẹ́ tó le. Nínú Lossless Scaling, yan 580. Dá géèmù dúró sí 72 FPS, fi x2 sí i, 144 ẹ nìyẹn.

Ti ihò 2GB tí Olóòlù ń kígbe lé lórí, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Férémù 1080p kan jẹ́ bíi 8MB. 72 nínú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ò ju 600MB lọ. Ó gbà á dáadáa. 4K ló lè dí i, torí férémù kan níbẹ̀ jẹ́ 33MB, 60 nínú rẹ̀ sì ti kún ihò náà dé ẹnu.

Mú 580 dání, má lo 1050 Ti. 1050 Ti lè ṣe é ní 1080p, ṣùgbọ́n ó máa ń mí gúlegúle.

Kékeré Òṣogbo

Férémù ayédèrú! Ẹ fi gbá FC, ẹ máa rí ohun tí ojú ń rí. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, bọ́ọ̀lù á ti kọjá lọ.

Bàbá Fáànù

Àbúrò, mi ò sọ pé kó fi gbá FC. FC ò nílò rẹ̀, 6600 á gbé e kọjá ohun tó fẹ́. Òótọ́ ni pé ó ń fi ìdádúró kún un, torí ó gbọ́dọ̀ dúró de férémù tó ń bọ̀ kó tó ya ti àárín. Nínú géèmù tó o ti ń rìn kiri, tó ò ń wo ìlú, o ò ní mọ̀ ọ́n tí FPS gidi bá ti wà ní 60. Tó bá jẹ́ 30 lo fi bẹ̀rẹ̀, o máa mọ̀ ọ́n, etí ara èèyàn inú géèmù á tún máa dàrú tó bá yíjú lójijì.

Olóòlù

Ẹ gbà mí láyè díẹ̀ níbí. Cyberpunk ti ní frame generation (fífi férémù kún un) tirẹ̀ láti ọdún 2024 tí wọ́n fi FSR 3 ti AMD sínú rẹ̀, orí 6600 ló sì ti máa ṣiṣẹ́, kò nílò káàdì kejì, kò nílò Lossless Scaling. Ó tún mọ ibi tí nǹkan ń lọ nínú géèmù ju ètò tó ń wo àwòrán lásán lọ, torí náà ọ̀rọ̀ tí géèmù kọ sójú móníítọ̀, bíi nọ́ńbà ọta ìbọn, kì í fi bẹ́ẹ̀ dàrú. Kó kọ́kọ́ gbìyànjú ìyẹn.

Kí gbogbo wa sì mọ̀ pé láti ọdún 2023 ni AMD ti ya dráífà 580 sọ́tọ̀ kúrò lára ti àwọn káàdì tuntun, ìtọ́jú lásán ni wọ́n ń ṣe fún un báyìí. Kíki 6600 àti 580 sínú kọ̀ǹpútà kan náà ń lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń fa wàhálà dráífà nígbà míì.

Bàbá Fáànù

Wàhálà dráífà yẹn wà lóòótọ́. Èmi ń lo AMD pẹ̀lú Nvidia, bóyá ìdí nìyẹn tí tèmi fi rọrùn, dráífà méjèèjì ò pàdé.

Ayọ̀ Houston

Ẹ forí jì mí tí mo bá yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀. Káàdì RTX 50 ni mo ní. Mo gbọ́ pé èèyàn nílò káàdì kejì fún PhysX (ètò Nvidia fún bí nǹkan ṣe ń fọ́, tó sì ń fò káàkiri nínú géèmù), ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Mirror's Edge mi kàn ń kú lọ tí gíláàsì bá ti fọ́.

Olóòlù

Bẹ́ẹ̀ ló rí nígbà tí RTX 50 jáde lọ́dún 2025. Wọ́n yọ CUDA 32-bit (ètò àtijọ́ tó ń jẹ́ kí káàdì ṣe ìṣirò) kúrò, PhysX géèmù àtijọ́ sì wà lórí rẹ̀, ló bá di orí CPU. Àwọn èèyàn wá ń ki káàdì kékeré Nvidia kan sí ẹ̀gbẹ́ kan fún PhysX nìkan. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Nvidia fi dráífà dá a padà fún àwọn géèmù kan, Mirror's Edge wà lára wọn. Gba dráífà tuntun ná kó o tó náwó.

Ayọ̀ Houston

Ó ṣiṣẹ́! Ẹ ṣeun o.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Àgbà Òtìgbà, mo ti rí 6600 tókunbọ̀ kan, olówó rẹ̀ gbà pé kí n wá wò ó. Kí ni kí n mú dání? 580 ni màá tà, màá kọ́kọ́ gbìyànjú FSR 3 tí Olóòlù sọ.

Àgbà Òtìgbà

Mú flash tó ní GPU-Z àti géèmù kan tàbí ètò tó lè fi iṣẹ́ gidi kàn án dání. Shader 1792 ni ti 6600 gbọ́dọ̀ jẹ́, mẹ́mórì 8GB. Jẹ́ kó ṣiṣẹ́ gidi fún ìṣẹ́jú ogún ó kéré tán, kó o máa wo hot spot (ibi tó gbóná jù lórí GPU). Tó bá ń ga ju ìwọ̀n gbogbogbòò lọ ní ìwọ̀n 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀, thermal paste rẹ̀ (ọ̀dà tó ń gba ooru kúrò) ti gbẹ, fi ìyẹn dúnàádúrà. Ki wáyà HDMI àti DisplayPort sí gbogbo ihò ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí táwọn èèyàn kì í ṣe nìyẹn, wọ́n á délé tán kí wọ́n tó mọ̀ pé ọ̀kan ti kú.

Tó o bá délé, fi ètò DDU nu dráífà 580 kúrò nínú safe mode kó o tó yọ káàdì náà. Ihò kìíní ni kó o ki 6600 sí, èyí tó sún mọ́ CPU. Kó o sì tan 580 fún ẹni tó bá fẹ́ rà á níwájú ẹ̀, bí èmi náà ṣe ní kí wọ́n ṣe fún ẹ.